Ọwọ́ ṣáájú lẹ́tà: ohun tó ṣẹlẹ̀ ní San Lorenzo lọ́dún 1907

Àwọn lẹ́tà tí wọ́n fi sáńpépà gé, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ pátákó pẹlẹbẹ, ti di ohun ọ̀ṣọ́ ní àwọn jẹ́lé-ó-sinmi olówó ńlá ní Èkó àti Ìbàdàn. Orí pẹpẹ ni wọ́n máa ń tò ó sí, níbi tí òbí tó wá wo ilé ẹ̀kọ́ yóò ti tètè rí i. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ ni pé àìrówó ló bí sáńpépà yẹn. Dókítà Maria Montessori tó sọ ọ́ di olókìkí, igi ló fẹ́, igi tí wọ́n gbẹ́ dáadáa, tí wọ́n kùn lọ́dà títí ó fi ń dán. Kò rí ẹni tó lè bá a ṣe é ní iye tí agbára rẹ̀ ká. Ni òun àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ bá mú àlùmọ́gàjí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gé bébà.

Ìṣẹ̀lẹ̀ tí mo fẹ́ sọ kò gùn. Oṣù díẹ̀ ni, láti ẹ̀yìn ìsinmi ọdún 1907 títí di December, nínú ilé kan ní Róòmù. Mo fẹ́ sọ ọ́ tán nítorí pé ìdajì rẹ̀ la sábà máa ń gbọ́. Ti sáńpépà la máa ń gbọ́. Ohun tí ọwọ́ àwọn ọmọ náà ti ń ṣe kí sáńpépà tó dé la máa ń fò, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ náà wà lójú tèmi.

Ilé tí àwọn ọmọ ń ba ògiri rẹ̀ jẹ́

Àdúgbò àwọn tálákà ni San Lorenzo, lẹ́bàá itẹ́ òkú ńlá Verano. Ní nǹkan bí ogún ọdún ṣáájú, àwọn oníṣòwò ti kọ́ ilé gogoro síbẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu. Owó tán, wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìparí, àwọn tí kò ríbi sùn sì kó wọ inú àwọn ilé náà bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Istituto Romano dei Beni Stabili rà lára wọn, ó tún wọn ṣe, ó ń fi wọ́n háyà fún ìdílé àwọn òṣìṣẹ́. Ẹnjiníà Edoardo Talamo ni ọ̀gá àgbà ibẹ̀.

Wàhálà kan ló kù. Bàbá jáde lọ síbi iṣẹ́, ìyá jáde lọ síbi iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n lọ sílé ìwé. Àwọn kéékèèké tí kò tíì tó ilé ìwé ló ń ṣẹ́ kù sílé. Wọ́n ń sáré lórí àtẹ̀gùn, wọ́n ń fi ohun tó bá bọ́ sí wọn lọ́wọ́ ha ògiri tuntun. Talamo ṣírò ó, ó rí i pé owó tí òun ń ná lórí àtúnṣe lè gbọ́ bùkátà yàrá kan àti olùkọ́ kan. Ẹ gbọ́ bí ayé ṣe rí: torí kí àwọn ọmọ má baà fọwọ́ kan ògiri mọ́ ni wọ́n ṣe kó wọn jọ síbi tí wọ́n ti wá di òǹkọ̀wé. Ó ké sí Montessori. Wọ́n ṣí yàrá náà ní ọjọ́ 6 oṣù January ọdún 1907, ní ojúlé 58, Via dei Marsi. Ọmọ bí 50 ló wà níbẹ̀, láti ọmọ ọdún 3 sókè. Casa dei Bambini ni wọ́n pè é, ìyẹn Ilé Àwọn Ọmọdé.

Oníṣègùn ni Montessori. Ọdún 1896 ló gboyè ní Yunifásítì Róòmù, nígbà tí obìnrin tó jẹ́ dókítà ṣì ṣọ̀wọ́n gan-an ní Ítálì. Kò wá sí San Lorenzo láti kọ́ ẹnikẹ́ni ní ìwé kíkọ. Òun náà gbà bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe gbà nígbà náà pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 6 kò ní nǹkan án fi pẹ́ńsù ṣe. Àwọn ìyá ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀ọ́kọ, wọn kò mọ̀ọ́kà. Wọ́n rí i bí ọwọ́ àwọn ọmọ wọn ṣe ń já fáfá sí i, ni wọ́n bá wá sọ fún un pé kó ṣàánú wọn kó kọ́ àwọn ọmọ náà ní ìwé. Kò kọ́kọ́ dáhùn. Wọn ò dákẹ́, àwọn ọmọ gan-an tún ń béèrè, títí ó fi gbà.

Ọmọbìnrin tí kò lè ránṣọ

Ibi tó ti mọ bí yóò ṣe bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe San Lorenzo. Ní ìparí ọ̀rúndún 19, ó ti ṣiṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Róòmù tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí ọpọlọ wọn kò jí tó ti ẹgbẹ́ wọn. Ó wá ìwé dókítà Faransé méjì kàn, Itard àti Séguin, tí wọ́n ti kọ́ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣáájú. Ó jókòó, ó túmọ̀ wọn sí èdè Ítálì, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ọ̀rọ̀ inú wọn lè yé òun délẹ̀.

Ọmọbìnrin kan wà nínú àwọn tó kọ́, ọmọ ọdún 11. Ọwọ́ rẹ̀ le, kò sí ohun tó ṣe é, àmọ́ kò lè ránṣọ. Kí abẹ́rẹ́ gba òkè, kó tún gba ìsàlẹ̀, ìyẹn gan-an kò wọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Montessori gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé ẹní bébà fún un dípò rẹ̀: bébà tí wọ́n là ní ọ̀já ọ̀já, tí ọmọ yóò máa ki ọ̀já mìíràn bọ àárín wọn, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, títí yóò fi kún. Iṣẹ́ náà dùn mọ́ ọmọ yìí. Nígbà tó hun ún títí ọwọ́ rẹ̀ fi mọ́ ọn, wọ́n dá abẹ́rẹ́ padà fún un, ó sì rán aṣọ. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ ní ìránṣọ láàárín ìgbà yẹn. Ọwọ́ rẹ̀ ti kọ́ ìrìn náà lórí ohun tí ẹnikẹ́ni kò pè ní ìránṣọ.

Ohun tó rí kọ́ níbẹ̀ ṣe pàtàkì lójú mi ju gbogbo ohun èlò tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ tà lọ. Ẹ wá ìrìn ọwọ́ tó wà nínú iṣẹ́ kan. Ẹ yọ ọ́ jáde. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ṣe é ní àṣetúnṣe nínú ohun mìíràn tó wù ú, kí ẹ tó gbé iṣẹ́ gan-an síwájú rẹ̀.

Ó wá fi ojú yẹn wo ìwé kíkọ. Ọwọ́ tó ń kọ̀wé ń ṣe iṣẹ́ méjì pa pọ̀: ó di ohun ìkọ̀wé mú dáadáa, ó sì ń rìn ní ìrísí lẹ́tà. Orí náà ní iṣẹ́ tirẹ̀: ó gbọ́ ọ̀rọ̀, ó tú u sí ìró, ó wá lẹ́tà tó ń ṣojú ìró kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ pátá ni àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìgbà náà ń dì ru ọmọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí wọ́n á sì fi ìlà òòró àti ìkọ́ bẹ̀rẹ̀. Ojú ìwé kan kún fún ọ̀pá, èkejì kún fún ìkọ́, ọ̀sẹ̀ ń yí lu ọ̀sẹ̀. Montessori kò fi bò pé ìyà lásán ni ó ka èyí sí. Kí ẹnikẹ́ni má rẹ́rìn-ín àwọn ará Ítálì o. Àwọn ọmọ ọdún 3 wà ní àdúgbò wa lónìí tí wọ́n ń kó ìwé relé pẹ̀lú ojú ewé tó kún fún ọ̀pá bẹ́ẹ̀, tí tíṣà di ọwọ́ wọn mú fi ṣe é, tí ìyá ọmọ sì ń fi í yangàn.

Ohun tí ọwọ́ ti ṣe láti oṣù January

Nígbà tí àwọn ìyá fi wá bẹ̀bẹ̀, ọwọ́ àwọn ọmọ náà kì í ṣe ọwọ́ òfìfo mọ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni wọ́n ti ń yọ àwọn igi roboto jáde láti inú ihò tó bá wọn mu, tí wọ́n sì ń dá wọn padà síbẹ̀. Orí igi kọ̀ọ̀kan ní kókó kékeré kan tí kò ṣeé fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ gbá mú. Àtàǹpàkò, ìka ìlábẹ̀ àti ìka àárín ni yóò fi mú un, àwọn ìka mẹ́ta tó ń di pẹ́ńsù náà nìyẹn. Ọmọ tó yọ igi mẹ́wàá tó sì dá wọn padà, tó tún tú u ká tó tún bẹ̀rẹ̀, ti fún àwọn ìka yẹn lókun gidi, bẹ́ẹ̀ ohun tó rò pé òun ń ṣe kò ju wíwá ihò tó bá igi mu lọ.

Wọ́n ń de bọ́tìnnì, wọ́n ń so okùn bàtà lórí férémù onígi. Wọ́n ń fọ ìka wọn nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, wọ́n á wá rọra fi í tọ́ pátákó tí apá kan rẹ̀ ń dán tí apá kejì sì ń ha ọwọ́. Wọ́n fi aṣọ di ojú, wọ́n fọwọ́ dá oríṣiríṣi aṣọ mọ̀ yàtọ̀. Wọ́n fi ìka tọ etí igi pẹlẹbẹ tí wọ́n gé ní ìrísí òbìrí, onígun mẹ́ta àti àwọn mìíràn, kí wọ́n tó tì í bọ àyè rẹ̀. Ọmọ tó fi ìka yí òbìrí ká lọ́pọ̀ ìgbà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ o.

Ti pẹ́ńsù, kò fi í pa mọ́ fún wọn o. Ohun tí kò ṣe ni kó fi lẹ́tà sí i. Wọ́n máa ń gbé férémù onírin lé orí bébà, ọmọ á fi pẹ́ńsù aláwọ̀ tọ etí rẹ̀, wọ́n á gbé férémù kúrò, ìrísí á hàn, ọmọ á wá fi ìlà kún inú rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn ìlà náà ń ya kọjá ààlà, wọ́n nípọn níbí, wọ́n fẹ́lẹ́ lọ́hùn-ún. Díẹ̀díẹ̀ wọ́n á máa dúró sínú, wọ́n á máa gún. Iye ìlà tí ọmọ ń fà bẹ́ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan lè ju ti gbogbo ìwé ọ̀pá àti ìkọ́ lọ, àmọ́ ó ń kun àwòrán ni, kò sì sú u.

Ní ilé tiwa, ọmọ tó ń bá ìyá rẹ̀ ṣa ẹ̀wà, tó ń sín ìlẹ̀kẹ̀ sára okùn, tó ń pín ọmọ ayò sí ojú ọpọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ń ṣe apá kan iṣẹ́ yìí láìgbọ́ orúkọ Montessori rí. Ohun tó ń dùn mí ni pé àwọn òbí kan ń gba ẹ̀wà yẹn lọ́wọ́ ọmọ kó lè lọ jókòó kọ A dé Z.

Bí lẹ́tà igi ṣe di lẹ́tà bébà

Montessori pinnu pé òun yóò dúró de October, nígbà tí àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bá wọlé, kí àwọn méjèèjì lè jọ bẹ̀rẹ̀ kí èèyàn sì lè fi wọ́n wéra. Ní ilé ẹ̀kọ́ tó ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ṣáájú San Lorenzo, ó ti ní álífábẹ́ẹ̀tì onígi kan tó lẹ́wà: àwọn lẹ́tà alásomọ́ra, tí èyí tó kúrú nínú wọn ga tó sẹ̀ǹtímítà 8, fáwẹ̀lì pupa, kọ́ńsónáǹtì aláwọ̀ búlúù. Ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Àwọn ọmọ yẹn fi ìka tọ ipa wọn, lẹ́yìn náà wọ́n fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n dì mú bíi pẹ́ńsù tọ ipa kan náà. Irú rẹ̀ ló ń wá káàkiri fún San Lorenzo, kò rí ẹni tí yóò ṣe é.

Nígbà tó sú u, wọ́n gé àwọn lẹ́tà láti ara bébà fúnra wọn, wọ́n kùn wọ́n lọ́dà. Wọ́n gé àwọn mìíràn láti ara sáńpépà, wọ́n lẹ̀ wọ́n mọ́ páálí tó ń dán. Ìgbà tí iṣẹ́ yẹn parí ló tó hàn sí i pé ohun tí òun ṣe nítorí àìní dára ju ohun tí òun ń wá lọ. Lẹ́tà igi ń dán látòkè délẹ̀. Ìka lè yà kúrò lójú ọ̀nà kí ọmọ má mọ̀. Ti sáńpépà, bí ìka bá ti yà, ara á sọ fún un, torí ibi tó ń dán ló bọ́ sí. Lẹ́tà igi jẹ́ ẹyọ kan. Ti bébà lè pọ̀ bí èèyàn bá ṣe fẹ́, èèyàn sì lè mú un kúrò níbí lọ sọ́hùn-ún kó fi í to ọ̀rọ̀. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé tó tẹ̀ jáde lọ́dún 1909 pé ká ní òun lówó ni, àlífábẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́wà tí kò bímọ yẹn ni òun ì bá máa lò títí láé.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Olùkọ́ mú lẹ́tà méjì, ó fi ìka ìlábẹ̀ àti ìka àárín tọ ipa ọ̀kan bí ẹni ń kọ ọ́, ó sì pe ìró rẹ̀. Ìró rẹ̀ o, kì í ṣe orúkọ rẹ̀: “mmm” ló ń pè, kò pe “ẹ́mù”. Ọmọ ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Lẹ́yìn èyí, ó ní, “Fún mi ní i. Fún mi ní o.” Bí ọmọ bá mú un tọ̀nà, ó tọ́ka, ó béèrè, “Kí ni èyí?” Séguin ló kọ́ ọ ní ìgbésẹ̀ mẹ́ta yìí. Ojú ń rí, etí ń gbọ́, ẹnu ń pè, ìka ń rìn, gbogbo rẹ̀ lórí ohun kan ṣoṣo. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, àwọn ọmọ ń di ojú, wọ́n ń fi ìka nìkan dá lẹ́tà mọ̀.

Apá kejì ni títo ọ̀rọ̀, àwọn tó ń ra sáńpépà lónìí kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ náání rẹ̀. Olùkọ́ pe ọ̀rọ̀ kan, ọmọ tú u sí ìró, ó ṣa lẹ́tà bébà láti inú àpótí, ó tò ó sílẹ̀. Kò kọ nǹkan kan. Ó ń ṣe iṣẹ́ orí tó wà nínú ìkọ̀wé láìsí pé ọwọ́ dá a dúró. Ọmọkùnrin kan ń sáré kiri, ó ń dá sọ pé, “Kí n tó lè ṣe Zaira, mo nílò z-a-i-r-a.” Nígbà kan, Ọ̀jọ̀gbọ́n Di Donato wá wo ilé náà, ó sì pe orúkọ ara rẹ̀ fún ọmọ ọdún 4 kan pé kó tò ó. Ọmọ náà ń bá a lọ, ó ti to “diton”. Ọ̀jọ̀gbọ́n tún un pè kó ṣe kedere: di, do, nato. Ọmọ yìí kò tú iṣẹ́ rẹ̀ ká. Ó mú “to” kúrò, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi “do” sí àyè rẹ̀. Ó fi “a” tẹ̀ lé “n”, ó wá mú “to” tó ti gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ padà, ó fi parí orúkọ náà. Ó ti mọ̀ pé òun yóò nílò rẹ̀ níwájú. Ọmọ ọdún 4 o!

Ọjọ́ tí oòrùn yọ ní December

Orí òrùlé ilé náà tẹ́jú, wọ́n fi táìlì tẹ́ ẹ, àwọn ọmọ sì ń ṣeré níbẹ̀. Ní ọjọ́ kan ní December tí oòrùn mú, Montessori bá wọn gòkè. Ó jókòó sí tòsí ihò èéfín, ó fún ọmọkùnrin ọmọ ọdún 5 kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀kì, ó ní kó ya ihò èéfín yẹn fún òun. Ọmọ kúnlẹ̀, ó yà á sórí táìlì. Montessori yìn ín gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ọmọ náà wò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó dúró díẹ̀ bí ẹni tí nǹkan fẹ́ bú jáde láti inú rẹ̀, ló bá kígbe pé, “Mo mọ̀wé kọ! Mo mọ̀wé kọ!” Ó tún kúnlẹ̀, ó kọ “mano”, ìyẹn ọwọ́. Ó kọ “camino”, ihò èéfín. Ó kọ “tetto”, òrùlé.

Igbe rẹ̀ kó àwọn yòókù jọ. Wọ́n yí i ká, wọ́n ń wò ó tìyanutìyanu. Méjì mẹ́ta nínú wọn ń gbọ̀n fún ìdùnnú, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fún àwọn náà ní ṣọ́ọ̀kì, àwọn náà mọ̀ ọ́n kọ. Wọ́n sì kọ ọ́: mamma, mano, camino, Ada. Kò sí ẹnì kankan nínú wọn tó ti mú ṣọ́ọ̀kì tàbí ohunkóhun rí láti fi kọ̀wé. Wọn kò kọ́kọ́ kọ lẹ́tà kan kí wọ́n tó kọ èkejì; odidi ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ṣe ń fi odidi ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, ara kò rọ olùkọ́ mọ́. Wọ́n kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, nílé wọ́n kọ ọ́ sára èèpo búrẹ́dì. Àwọn ìyá fún wọn ní bébà àti pẹ́ńsù kí ilé lè sinmi. Ọmọ kan kọ̀wé tọ̀sán tòru títí ó fi sùn lọ pẹ̀lú bébà àti pẹ́ńsù lọ́wọ́. Talamo tó fẹ́ gba ògiri rẹ̀ lọ́wọ́ ìhakúha rí èrè tirẹ̀ náà: kí Kérésìmesì tó dé, méjì nínú àwọn ọmọ ọdún 4 kọ lẹ́tà ìkíni àti ìdúpẹ́ sí i lórúkọ gbogbo ẹgbẹ́ wọn, kò sí àbàwọ́n yíǹkì, kò sí ìparẹ́. Àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ ṣì wà lórí ọ̀pá àti ìkọ́.

Àkọsílẹ̀ Montessori sọ pé láti ìgbà tí ọmọ ọdún 4 bá ti bẹ̀rẹ̀ ìpalẹ̀mọ́ títí dé ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó kọ, oṣù kan sí oṣù kan ààbọ̀ ni. Ti ọmọ ọdún 5 kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nǹkan bí oṣù kan. Àwọn ọmọ fúnra wọn kò so ìpalẹ̀mọ́ yẹn mọ́ ìwé kíkọ rárá. Wọ́n rò pé ńṣe ni àwọn dàgbà tó, ìwé kíkọ sì dé fún àwọn.

Ohun tí mo gbà àti èyí tí mi ò gbà

Ẹlẹ́rìí ìtàn yìí kò pọ̀. Montessori ló ṣe iṣẹ́ náà, òun náà ló ròyìn rẹ̀, àwọn ọmọ tó sì fi wọ́n wéra kò gba ọwọ́ olùkọ́ kan náà. Ohun mìíràn tó ràn án lọ́wọ́ ni èdè Ítálì: ní èdè náà, bí wọ́n bá ti pe ọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sábà ń kọ ọ́. Ọmọ tó mọ ìró mọ ọ̀nà. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì bíi “though” ṣe é yóò mọ ìyàtọ̀.

Àwọn olùwádìí ìgbà tiwa ti yẹ apá kan rẹ̀ wò. Ní Faransé, Florence Bara àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lọ́dún 2004 lórí àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi: àwọn tó fi ọwọ́ tọ́ lẹ́tà tẹ̀ síwájú nínú kíka ọ̀rọ̀ ju àwọn tó kàn ń fi ojú wò ó lọ. Ní Amẹ́ríkà, Karin James àti Laura Engelhardt wo ọpọlọ àwọn ọmọ ọdún 5 mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ẹ̀rọ lẹ́yìn tí wọ́n kọ́ lẹ́tà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 2012. Lẹ́tà tí ọmọ fúnra rẹ̀ fi ọwọ́ kọ ló jí apá ọpọlọ tí a fi ń kàwé. Èyí tó tẹ̀ lórí kíbọ́ọ̀dù àti èyí tó kàn fà gba orí ìlà tó wà nílẹ̀ kò jí i bẹ́ẹ̀. Ìwádìí kékeré ni, àmọ́ ó bá ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí òrùlé yẹn mu. Àwọn ọmọ San Lorenzo kò dúró sórí títọ ipa lẹ́tà. Wọ́n to ọ̀rọ̀, wọ́n sì kọ tiwọn láìsí ìlà tí wọ́n ń tọ̀. Ìwé aláàmì tó-tó-tó tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ wa kún fún, tí ọmọ ń fi pẹ́ńsù so àmì pọ̀ láti January dé December, kò lè rọ́pò ìyẹn.

Bí a bá fẹ́ ṣe é fún lẹ́tà tiwa

Yorùbá bá irú iṣẹ́ yìí mu ju Gẹ̀ẹ́sì lọ dáadáa, torí àwa náà ń kọ ohun tí a gbọ́. Àmọ́ ẹrù tí wọ́n ń tà lọ́jà kò ṣe é lò bó ṣe wà. Lẹ́tà 26 ló máa ń wà níbẹ̀, c, q, v, x àti z wà nínú rẹ̀, kò sí ẹ, kò sí ọ, kò sí ṣ, kò sí gb. Lẹ́tà 25 la ní. Ẹ gé tiyín.

Ẹ béèrè sáńpépà tó kúnná lọ́wọ́ káfíńtà, torí èyí tí kò kúnná máa ń bó ọmọ níka. Sẹ̀ǹtímítà 8 ṣì dára fún gíga rẹ̀. Ẹ gé gb gẹ́gẹ́ bí ẹyọ kan, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí kan, kí ọmọ má baà rò pé g àti b ló pàdé lójijì. Ìró kan ni, ẹnu ọmọ yóò sì sọ fún un bẹ́ẹ̀ bó bá ń pè é bí ìka rẹ̀ ṣe ń rìn. Ti ẹ, ọ àti ṣ, àmì ìsàlẹ̀ ló máa ń kẹ́yìn: ìka tọ ara lẹ́tà tán, ó gbéra, ó kan ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jẹ́ kí o àti ọ jọ wà níwájú ọmọ lọ́jọ́ kan náà, kó fi ojú dídì wá èyí tó ní àmì.

Àmì ohùn ni ẹ̀kọ́ Róòmù kò ní ìdáhùn fún, torí Ítálì kò ní irú rẹ̀. Èmi kì í lẹ̀ wọ́n mọ́ lẹ́tà sáńpépà. Mo máa ń gé wọn lọ́tọ̀ láti ara páálí, ọ̀já kékeré tó gùn-ún sókè àti èyí tó dà sísàlẹ̀, kí wọ́n wà nínú àpótí tiwọn. Ọmọ yóò kọ́kọ́ to o-k-o pẹ̀lú àwọn àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀: ọkọ. Olùkọ́ á wá kùn ún, re-mí, kò ní sọ ọ̀rọ̀. Ọmọ kùn ún tẹ̀ lé e, ó gbé ọwọ́ sókè níbi tí ohùn ti gòkè, ó mú ọ̀já kan, ó gbé e lé orí ọ kejì: ọkọ́. Olùkọ́ kùn re-dò, ọmọ yọ ọ̀já yẹn, ó wá èyí tó dà sísàlẹ̀: ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta láti ara lẹ́tà kan náà, kò sì tíì mú pẹ́ńsù.